Ènì Tó Fẹ́ Pa Iyùn Mi

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tó ń bí mi nínú, kó má baà dà bíi pé obìnrin kan kàn jókòó sí Dogon Dutse ní Jos tó ń wá ẹni tó máa bá jà. Ohun tó fẹ́ pa iyùn mi, ènì ni. Wọn kò tà á fún mi. N kò béèrè rẹ̀. Ẹni tó ta ọjà fún mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé e sínú ọ̀rá, ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní kí n máa mú un lọ sílé, èmi náà sì dúpẹ́. Títí di òní, ọpẹ́ tí mo dá yẹn ló ń dùn mí jù lọ nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà.

Mo ní àpótí dígí ńlá kan nínú pálọ̀ mi, omi òkun ló kún inú rẹ̀. Mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ. Jos kọ́ lèèyàn ti ń wá òkun. Orí òkè la wà, àpáta ló yí wa ká, ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n bí síbí kò fojú kan etíkun rí. Ṣùgbọ́n iyọ̀ òkun wà tí wọ́n ń dì sínú àpò. Mo máa ń pò ó mọ́ omi tí mo ti sẹ́ dáadáa, mo máa ń wọn bó ṣe níyọ̀ sí, ẹ̀rọ kékeré kan á sì máa ru omi náà sókè sódò bí ìgbì. Òtútù ìlú wa tí gbogbo èèyàn ń ráhùn sí wúlò fún mi. Àwọn tó ń sin irú nǹkan báyìí ní Èkó ń wá bí omi wọn kò ṣe ní gbóná pa ohun tó wà nínú rẹ̀. Èmi, ìgbà ọyẹ́ nìkan ni mo máa ń fi ẹ̀rọ yá omi tèmi lóoru díẹ̀.

Iyùn ni mo ń sìn. Iyùn tí ẹ mọ̀ náà ni, ìbátan èyí tí àwọn ìyá wa ń so mọ́ ọrùn, ṣùgbọ́n tèmi ṣì wà láàyè. Ìlẹ̀kẹ̀ tí ẹ ń rí lọ́rùn èèyàn, egungun ni. Nígbà tó wà láàyè, ẹranko ni, àìmọye ẹnu wẹ́wẹ́ tó pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé kan ṣoṣo, ọwọ́ tín-ín-rín sì yí ẹnu kọ̀ọ̀kan ká. Bí ara rẹ̀ bá dá, ọwọ́ yẹn á là. Bí nǹkan bá ń dà á láàmú, á pa wọ́n dé, á sì le bí òkúta.

Ọ̀kan wà nínú wọn tí n kò lè fi wé ìyókù. Àwọ̀ ewé ló ní, orí ẹ̀ka rẹ̀ gbogbo sì pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ó yọ ẹ̀ka bí ìwo àgbọ̀nrín. Nígbà tí mo rà á, kò ju èékánná lọ. Ọdún kan wà tí iná lọ tí kò padà bọ̀rọ̀, ínfátà mi náà sì dákẹ́. Gbogbo ohun tó wà nínú àpótí ló kú tán. Mo dúró ti omi tó ń rùn, mo ń fi abọ́ kó òkú ẹja jáde, ni mo bá rí ẹ̀ka kan ṣoṣo lára iyùn yìí tí àwọ̀ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀ka yẹn ló tún hù, tó di ohun tó tó ìkúùkù àgbàlagbà. Mo ti sọ fún ọkọ mi pé bó bá kú, n kò ní ra òmíràn mọ́. Mo máa da omi nù, mo máa fi àpótí náà kó ìwé sí. Ó mọ̀ pé n kì í dẹ́rù bani lásán.

Ẹ wá gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Ní Bauchi Road, lẹ́bàá ọgbà yunifásítì tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní òfin òwò, ọmọ Ìlọrin kan wà tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́. Gbogbo wa ń pè é ní Alfa, alfa sì ni lóòótọ́, ó máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéú ní ìrọ̀lẹ́. Ẹja inú omi tí kò níyọ̀ ló ń tà jù, ṣùgbọ́n ó mọ àwọn tó ń kó iyùn wọlé, wọ́n á sì dì í sínú ọ̀rá omi, wọ́n á gbé e ránṣẹ́ sí i. Òun nìkan ni mo mọ̀ nílùú yìí tí mo lè rí i rà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Ẹni tó ṣẹ̀ mí, òun nìkan náà ni mo ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lọ ra iyùn kékeré kan, aláwọ̀ yẹ́lò. A ná ọjà náà, a ná an, ó yarí, mo yarí, mo dìde bí ẹni tó fẹ́ máa lọ, ó pè mí padà. Ohun tí gbogbo wa ń ṣe lójoojúmọ́ ni. Nígbà tó dé ojú ibi tí kò lè já mọ́, ó na ọwọ́ sínú àpótí kan lẹ́yìn, ó yọ òkúta kékeré kan tí nǹkan kan jókòó lé lórí. Nǹkan náà dà bí òdòdó. Ara rẹ̀ mọ́ gaara, ó ní àwọ̀ oyin díẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ gùn, ó tẹ́ yí ká bí ìtànṣán.

"Ó yá, gyara yín nìyí," Alfa wí. Gyara ni Hausa ń pe ènì. Ẹni tó bá ti pẹ́ ní Jos kì í mọ ìgbà tí ẹnu rẹ̀ ń yí sí i.

"Kí leléyìí, Alfa?"

"Òdòdó òkun ni. Ẹ wo bó ṣe rẹwà."

"Kò sí kòkòrò kankan lára rẹ̀?"

"Haba, Màdáámù! Mo ti fọ̀ ọ́. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ sáà mú un lọ, ẹ máa fi rántí mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró níbẹ̀. "Mo ti fọ̀ ọ́." "Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò." Gbólóhùn méjì ni, irọ́ méjì ni, ẹ má dà wọ́n pọ̀ mọ́ra. Ẹni tó fọ nǹkan láìyẹ̀ ẹ́ wò ṣe àìbìkítà. Ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò láìfọ̀ ọ́ ṣe ọ̀lẹ. Ẹni tí kò ṣe èyíkéyìí, tó wá ní òun ṣe méjèèjì, ìyẹn ní orúkọ mìíràn.

Ẹni tó bá ń sin iyùn mọ̀ pé wọn kì í gbé tuntun sọ sínú omi bẹ́ẹ̀. Mo délé, mo bu omi òkun sínú abọ́, mo kán áyódíìnì sí i, irú èyí tí wọ́n ń kán sójú ọgbẹ́, títí omi náà fi pọ́n bíi tíì. Mo rẹ iyùn yẹ́lò sínú rẹ̀, mo ń rọra mì ín. Aràn pẹlẹbẹ kan já bọ́, ó ká kò sí ìsàlẹ̀ abọ́. Mo pariwo ayọ̀! Mo fi awò tó ń mú nǹkan tóbi yẹ abẹ́ iyùn náà wò, nítorí áyódíìnì kì í pa ẹyin, mo rí ẹyin, mo fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha á dànù. Mo wá gbé e sínú àpótí kékeré tó dá wà, pé kó wà níbẹ̀ títí ọkàn mi yóò fi balẹ̀. Kò sí ẹni tó lè rí mi bá wí lórí èyí tí mo sanwó fún.

Ènì ńkọ́? Mo gbé e sínú àpótí ńlá tààrà.

Ẹ má tíì yọ ṣùtì sí mi. Ta ló ń yẹ ènì wò? Ẹni tó ra gàárì, tí wọ́n bu ènì lé e, ṣé ó ń di ènì náà sọ́tọ̀ kó tó dà á pọ̀? Ṣé ó ń mú un sún mọ́ ojú kó lè wò ó bóyá òkúta wà níbẹ̀? Ìwà àìmoore nìyẹn, wọ́n á ní wọn kò tọ́ ọ dáadáa. Bí wọ́n ṣe tọ́ gbogbo wa ni pé ká yẹ èyí tí a rà wò tinú tẹ̀yìn, ká sì fi ọwọ́ méjèèjì gba ènì. Alfa mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà yẹn gan-an ló gbà wọ ilé mi.

Ìyá ọkọ mi ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n, ṣùgbọ́n Jos ni wọ́n bí wọn sí, ìdí ìsọ̀ aṣọ ìyá wọn ni wọ́n sì dàgbà sí. Bí wọ́n bá ń sọ Yorùbá, Hausa á máa yọjú láàárín bí ẹni tó ní ilé. Wọ́n fẹ́ràn ènì náà ju gbogbo ohun tó wà nínú omi lọ.

"Kai, ìyàwó mi, èyí dára ju òkúta tí o ń tọ́jú yẹn lọ. Ó ń ju ọwọ́ sí mi."

Kò pẹ́ tí òdòdó náà fi ní èkejì lẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo rí òmíràn lára dígí, òmíràn lára ẹ̀rọ tó ń ru omi. Mo wá rí i pé iyùn aláwọ̀ ewé mi pa ọwọ́ dé lápá kan. Lápá ibẹ̀, ara rẹ̀ ń ṣí kúrò, egungun funfun ń yọ. Mo ráhùn sí ìyá pé àwọn òdòdó yìí ti ń hù bíi koríko, wọ́n ń bà mí nínú jẹ́. Mo ṣí ìwé, mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán wé àwòrán, mo rí i. Ẹranko òkun kan ni, oníjàgídíjàgan, ó ń jó ohun tó bá sún mọ́ ọn lára bí èsìsì ṣe ń jó ọmọdé tó wọ igbó. Èsìsì náà ni mo fi sọ ọ́. Gbogbo ẹni tó ti bá a pàdé ló ń kìlọ̀ ohun kan náà: ẹ má fi ọ̀bẹ kàn án, ẹ má fà á tu. Èérún tó bá já lára rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, á di odidi.

Mo kà á tán ní ọ́fíìsì. Mo lọ kọ́ kíláàsì kan ní Naraguta, ọgbà yunifásítì wa kejì, ọkàn mi kò sí níbẹ̀, mo sáré wálé láti wá kìlọ̀ fún ìyá. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Ìyá ká apá aṣọ sókè, kápẹ́ẹ̀tì tutù, ọ̀bẹ tí a fi ń gé ẹ̀fọ́ wà lọ́wọ́ wọn.

"Ìyàwó mi, sannu da zuwa! Mo ti bá ọ ro oko rẹ."

"Màámi, ẹ ti ṣe kí ni?"

"Koríko tí o ní ó ń bà ọ́ nínú jẹ́ yẹn. Mo gé gbogbo wọn látìdí. Wọ́n rọ̀ bí ilá! Mo tilẹ̀ gé àwọn kan sí wẹ́wẹ́, kí wọ́n má baà tún dìde."

Mo wo inú omi. Ègé wọn ń fò kiri níbi tí ẹ̀rọ ń gbé wọn lọ, ó ń fọ́n wọn sórí òkúta gbogbo, ó ń fọ́n wọn sẹ́bàá iyùn mi, bí ẹni tó ń fúnrúgbìn. Mo jókòó sílẹ̀ nínú omi tó dà sórí kápẹ́ẹ̀tì.

"Kí ló dé? Ṣé mo gé òdòdó gidi ni?"

"Rárá, Màámi. Ẹ ṣeun. Ẹ kú iṣẹ́."

Kí ni ẹ fẹ́ kí n sọ? Ìyá ọkọ mi ni. Wọ́n ti rẹ ara wọn sílẹ̀ láti bá mi ṣiṣẹ́. Bí àwọn ègé náà ṣe wá ń yọ ọwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí àpótí mi dà bí oko, ìyá dúró níwájú dígí, wọ́n lanu. "Haba! Ṣé wọ́n ń bímọ ni?" Ìgbà yẹn ni mo ṣàlàyé fún wọn. Wọ́n wá béèrè pé, "Ta ló kọ́kọ́ gbé e wá?" Mo ní Alfa ni, ó fi ṣe ènì. Wọ́n wọ bàtà wọn. "Gbé ọ̀kan sínú ìgò. Mò ń bá ọ lọ."

Mo kó ìbínú tèmi àti èyí tí n kò lè bí sí ìyá papọ̀, mo gbé gbogbo rẹ̀ lọ sí Bauchi Road.

Alfa ń da oúnjẹ sí ẹja nígbà tí a wọlé. Ó tẹrí ba fún ìyá. "Ẹ káàbọ̀, Màmá. Màdáámù, sannu. Ṣé àlàáfíà ni?"

"Àlàáfíà kọ́." Mo gbé ìgò lé orí káńtà. "Alfa, kí lẹ pe èyí nígbà tí ẹ gbé e fún mi?"

"Òdòdó òkun."

"Ẹ ní ẹ ti ṣe kí ni fún un?"

"Mo ní mo ti... Màdáámù, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ parí rẹ̀. Ẹ ní ẹ ti fọ̀ ọ́. Ẹ ní ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kí lẹ fi fọ̀ ọ́? Kí lẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò?"

Ó yí fìlà rẹ̀ sí iwájú, ó yí i sẹ́yìn. "Èyí tí ẹ rà lọ́jọ́ yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ó ní àbùkù?"

"Mo ti fọ aràn rẹ̀ dànù. Kò ní mọ́."

"Wallahi, ẹ gbọ́ ẹnu ara yín! Èyí tí ẹ sanwó fún dára. Èyí kejì, gyara ni, mo fi ta yín lọ́rẹ ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, n kò rí ẹni tó gbé gyara padà wá sí ṣọ́ọ̀bù rí."

Ẹ má jẹ́ kí n parọ́: inú mi dùn sí èsì náà. Ara mi yá gágá! Ojoojúmọ́ ni mo ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jà lórí ìyàtọ̀ láàárín ọrẹ àti ọjà, kò sí èyí tó ń dá mi lóhùn, ẹnì kan wá dìde níwájú mi báyìí tó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Mo bi í pé ká ní n kò ra nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn, ṣé ì bá gbé òkúta náà fún mi? Ó ní rárá, nítorí kí ni? Mo ní ó dára, ọjà ló bí i nìyẹn, kì í ṣe ọrẹ. Mo ní nígbà tí a ń ná an, ṣé kì í ṣe kí n lè gba iye tó pè ló ṣe fi ènì náà kún un? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní a jẹ́ pé ó wà nínú iye náà. Mo fi ọwọ́ lu káńtà. Ẹja fò.

"Ìwé lẹ ń kà sí mi lára, Màdáámù," Alfa wí. "Ọjà kọ́ nìyí, kíláàsì ni."

Ìyá fọwọ́ kàn mí léjìká pé kí n dákẹ́. Wọ́n jókòó sórí àpótí ìjókòó rẹ̀ láìjẹ́ pé ó ní kí wọ́n jókòó.

"Alfa, a ti fi ìwé sílẹ̀. Èmi náà tajà, ìyá tó bí mi tajà nílùú yìí kí wọ́n tó bí ìwọ. Nígbà tí o bá ra gàárì, kí ni ènì rẹ̀?"

"Gàárì ni, Màmá."

"Bí o bá ra ẹ̀wà?"

"Ẹ̀wà náà ni."

"Inú igbá wo ni wọ́n ti ń bu ènì?"

"Inú igbá kan náà."

"To. Inú igbá wo lo ti bu èyí?"

Ojú Alfa ló dáhùn: ó yí sí àpótí kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ iná búlúù. Mo ti dé ibẹ̀ kó tó mọ̀. Àpótí náà kún! Èsìsì lórí òkúta, èsìsì lára dígí, èsìsì lẹ́nu ọ̀pá tí omi ń gbà wọlé, gbogbo wọn ń ju ọwọ́ bí ọmọ iléèwé tó rí ọ̀gá tuntun. Àárín wọn ni ó to iyùn tó ń tà sí, àwọn iyùn náà sì ti ká ọwọ́ kò, wọ́n funfun létí.

"Ẹ wò ó! Màámi, ẹ wá wò ó! Inú rẹ̀ ló ti mú yẹ́lò tèmi náà!"

Alfa wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ohùn rẹ̀ rọ̀ wálẹ̀. "Wọ́n hù fúnra wọn ni. Mo rò pé ẹ̀bùn Ọlọ́run ni. Ìdí tí mo fi ń fi wọ́n ṣe gyara fún àwọn oníbàárà mi nìyẹn."

Mo gbà pé kò mọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ̀rí yẹn wà lákọsílẹ̀ fún un. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ kì í ṣe fífọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe yíyẹ̀wò. Ó sọ pé òun ṣe méjèèjì. Mo sọ ìyẹn fún un kí a tó jáde, mo tún sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà.

Bí a ti ń bọ̀, ìyá dúró ra ọsàn wẹ́wẹ́, nítorí mo ti ka ìyẹn náà: bí èèyàn bá yá omi ọsàn wẹ́wẹ́, tó fà á sínú abẹ́rẹ́, tó sì gún èsìsì náà lẹ́nu gangan, á yọ́ dànù kó tó lè ju èérún kankan sílẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ìyá ń fún ọsàn, wọ́n ń yá a lórí sítóòfù, ilé ń ta sánsán. Mo pa ẹ̀rọ kí omi lè dúró jẹ́ẹ́. Mo ki ọwọ́ bọ inú omi, mo ń rọra sún abẹ́rẹ́ lọ. Ẹni tó bá yára, èsìsì á rí i, á sá wọ ihò. Èyí àkọ́kọ́ sá. Èkejì sá. Ẹ̀kẹta, mo gún un!

Ó fún ara pọ̀ bí ìkúùkù, ó funfun, ó wó lulẹ̀.

"Ó gbà á!" ìyá pariwo. "Ó gbà á! Kai! Òmíràn nìyí, lẹ́yìn òkúta, ó ń yọjú bí olè!"

"Níbo?"

"Ọ̀tún! Ọ̀tún, ìyàwó mi, kì í ṣe ọ̀tún tìẹ, ọ̀tún tèmi!"

N kò mọ̀ pé èèyàn lè láyọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú ìbínú. Ìyá tan iná fóònù sí àwọn èsìsì náà, wọ́n ń ké ibi tí wọ́n wà, wọ́n ń bú wọn. Wọ́n pe ọ̀kan ní ọmọ Alfa, ó gbà á. Wọ́n pe òmíràn ní ìyàwó Alfa, ó gbà á. A kò lè pa gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí kíkan ọsàn náà lè ba omi jẹ́ fún àwọn tó kù, nítorí náà a ń pa díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́. Bí mo bá jí, ìyá ti gé ọsàn sílẹ̀. Ọkọ mi wálé láti ibi iṣẹ́, ó bá ìyá rẹ̀ níwájú dígí pẹ̀lú awò ojú lójú, tí wọ́n ń rọra sọ pé, "Mo ti rí ẹ. Má sá." Ó ní òun kò mọ̀ bóyá kí òun kí wọn tàbí kí òun pe dókítà.

Orí òkúta mọ́. Dígí mọ́. Ibi kan ló kù, ibẹ̀ náà sì ni mo ń bẹ̀rù láti ìbẹ̀rẹ̀. Èsìsì ti wọ ìdí iyùn aláwọ̀ ewé, ó ti hù sáàárín ẹ̀ka rẹ̀. Bí mo bá da ọsàn síbẹ̀, mo dà á sára iyùn náà ni. Bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀, wọ́n á jó o dé òkè. Funfun náà ń gùn ún bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Lójoojúmọ́ ni mo ń wò ó, mo ń ka ẹ̀ka tó ṣì ní àwọ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló kù láti ṣe. Kí n ṣẹ́ ẹ. Kí n gé àwọn ẹ̀ka tó ṣì mọ́ lókè, kí n ju ìdí rẹ̀ nù pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀.

"Bí àwọn ẹ̀ka yẹn bá kú ńkọ́?" ìyá béèrè.

"Wọ́n ti kú tán nìyẹn, Màámi. Kò sí òmíràn níbòmíì."

Mo gbé e jáde nínú omi. Mo mú ẹ̀mú. Ìyá yíjú sí ògiri. Ìró tó dún nígbà tí ẹ̀ka àkọ́kọ́ ṣẹ́, àárín eyín mi ni mo ti gbọ́ ọ. Omi yíyọ̀ jáde lára rẹ̀, ó ń fà bí ilá. Mo tún ṣẹ́ òmíràn. Mo ń bú Alfa ní orí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: èyí fún "mo ti fọ̀ ọ́," èyí fún "mo ti yẹ̀ ẹ́ wò," èyí fún fìlà tó ń yí. Mo rẹ ẹ̀ka gbogbo sínú áyódíìnì, mo fi awò wo ìsàlẹ̀ wọn, mo fi búrọ́ọ̀ṣì fọ̀ wọ́n, mo tún wò wọ́n. Lẹ́yìn náà mo fi gúlù lẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan mọ́ òkúta kékeré.

Ìyá ti yíjú padà. Wọ́n ń wo àwọn òkúta náà níbi tí mo tò wọ́n sí. "Ìwọ yìí, ọ̀kan lo mú jáde."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màámi."

"O wá gé e wẹ́wẹ́ pé kó lè pọ̀ sí i. Èmi gé tèmi, o jókòó sínú omi, o fẹ́ẹ̀ sunkún."

A rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ fi dùn wá. Ìyá gbé ìdí iyùn náà jáde sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé omi tó ń hó lé ọwọ́, wọ́n sì dà á lé e lórí bí ẹni tó ń san gbèsè.

Ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀ka náà kò là. Wọ́n jókòó sórí òkúta wọn, wọ́n pa ẹnu dé, àwọ̀ wọn ṣú. Iyùn tó bá fẹ́ yè á là láìpẹ́. Èyí tó bá fẹ́ kú, ara rẹ̀ á kàn ṣí lọ́jọ́ kan bí ìwé tó rẹ sómi. Mo kọ́ kíláàsì, n kò rántí ohun tí mo kọ́. Mo pàdé ìyá lẹ́nu ọ̀nà lójoojúmọ́, wọ́n á ti mi orí kí n tó béèrè. Ní ọjọ́ kan mo bá ara mi tí mo ń wo ibi tí mo lè to ìwé sí nínú àpótí yẹn.

Ọjọ́ yẹn náà ni Alfa pè mí lórí fóònù. Ó ní òun gbọ́ pé ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo fi ń pa àwọn èsìsì náà, ṣé mo lè sọ fún òun bí òun ṣe máa lo ọsàn náà sí tòun.

"Mo lè sọ," mo ní. "Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀sùn mi létòlétò."

"Màdáámù, ẹ ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ ti sọ ọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe. Edé kan wà, ó máa ń jẹ wọ́n, mo ti ní kí wọ́n gbé e wá. Mo máa fún yín ní méjì. Ẹ̀yin sáà wá ra nǹkan kékeré kan, màá fi wọ́n ṣe gyara."

"Alfa!" Ẹ̀jẹ̀ gùn mí lójú. "Gyara? Ẹ tún fẹ́ fi kí ni ṣe gyara? Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ kò fọ̀ ọ́. Lẹ́ẹ̀kejì, ẹ kò yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹ mọ̀ pé èmi kò ní yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí ènì ni, ẹ sì mọ̀ pé ọmọlúàbí kan kì í..."

"Ìyàwó mi!"

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, mò ń sọ̀rọ̀. Alfa, lẹ́ẹ̀kẹrin..."

"Ìyàwó mi, wá! Fi Alfa sílẹ̀! Ó là! Èyí tó wà létí, ó ti là, ó ń ju ọwọ́!"

Mo fi fóònù sílẹ̀ lórí tábìlì. Mo sáré, mo kọ lu àga, mo kúnlẹ̀ ti ìyá níwájú dígí. Lórí òkúta tó kéré jù, lẹ́bàá orí ẹ̀ka tó pupa fẹ́ẹ́rẹ́, ẹnu kan ti ṣí. Ọwọ́ rẹ̀ tín-ín-rín ju òwú lọ. Ó nà án sínú omi, ó ká a kò, ó tún nà án. Bí mo ti ń wò ó, èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ náà là. Ìyá di ọwọ́ mi mú, wọ́n ń fún un títí ó fi dùn mí, èmi náà ń fún tiwọn.

"Màdáámù?" Alfa ń pariwo láti orí tábìlì. "Màdáámù, lẹ́ẹ̀kẹrin kí ni? Ẹ ń gbọ́ mi? Lẹ́ẹ̀kẹrin kí ni?"

N kò rántí mọ́. Ìyá ti tan iná fóònù tiwọn sí òkúta kejì.